Orí Keje: Ohun Tí Ìwọ̀n Lè Sọ Nípa Pùròtéènì

Láti Sango títí dé Ìjù, lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, kò ṣòro kí èèyàn rí ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n kọ jẹ́nótáìpù gàdàgbà sára pátákó rẹ̀. Ìjù ti Ọ̀tà ni à ń wí o, níbi tí Yunifásítì Covenant wà. Kì í ṣe Ìjù ẹ̀yìn Agége tí wọ́n ti ń fa omi fún Èkó. Àwọn àfẹ́sọ́nà kì í wọ́n nírú ilé àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ìjọ kì í so èèyàn méjì pọ̀ bí wọn kò bá tíì rí èsì yìí. Lẹ́tà méjì péré ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀: AA, AS, SS, AC tàbí SC. Ohun tí lẹ́tà wọ̀nyí ń sọ ni irú hemoglóbíìnì tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni, ìyẹn pùròtéènì tó ń ru ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. SS ló ń fa àìsàn tí àwọn àgbà sọ ní fòníkú-fọ̀ladìde, SC náà sì ń fa ẹ̀yà rẹ̀ kan. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló ń gbé S kan kiri tí kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Hemoglóbíìnì yìí la ó fi ṣe àpẹẹrẹ nínú orí yìí, láti dáhùn ìbéèrè kan: bí a bá gbé pùròtéènì sórí òṣùwọ̀n, kí ni ìwọ̀n rẹ̀ lè sọ fún wa nípa ìrísí rẹ̀ àti nípa àwọn tó ń bá rìn? Èrò tí a ó gbé kalẹ̀ ni pé ìwọ̀n nìkan kì í sọ púpọ̀, ó tilẹ̀ lè parọ́. Ohun tí a bá fi ojú pùròtéènì rí kó tó dé orí òṣùwọ̀n ló ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rọ tí gbogbo ayé ń pè ní mass spectrometer kò ju òṣùwọ̀n lọ, àmọ́ òṣùwọ̀n tí kò ní àwo ni. Kì í gbé nǹkan lé nǹkan. Ńṣe ló máa ń lé mólékù tó ní cháàjì iná lára sáré nínú òfìfo, níbi tí wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ kúrò, tí yóò sì wo bó ṣe yára tó tàbí bó ṣe yà kúrò lójú ọ̀nà tó. Èyí tó fúyẹ́ á yára, èyí tó wúwo á lọ́ra. J. J. Thomson ló bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní Cambridge. Francis Aston, tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ló wá kọ́ ẹ̀rọ tó já gaara ní 1919. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, pùròtéènì kò ṣeé gbé dé ibẹ̀. Ìdí ni pé kò sí ohun tó lè sáré nínú òfìfo bí kò bá kọ́kọ́ di afẹ́fẹ́, pùròtéènì kì í sì í di afẹ́fẹ́ bí a bá gbé e kaná. Yóò dì, yóò jóná, bí ẹyin tí wọ́n gbàgbé sórí iná. John Fenn ní Amẹ́ríkà rí ọ̀nà kan gbà: ó tú omi tí pùròtéènì wà nínú rẹ̀ jáde láti ẹnu abẹ́rẹ́ tó ní iná lára, omi náà fọ́n sí ẹ̀kán kéékèèké bí ìrì, ẹ̀kán wọ̀nyí gbẹ lójú òfúrufú, pùròtéènì sì kù lórí atẹ́gùn tòun ti cháàjì rẹ̀. Koichi Tanaka ní Japan gba ọ̀nà mìíràn, ó lo iná laser. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn tó pín ẹ̀bùn Nobel ti Kẹ́mísírì ní 2002, ọdún kan náà tí Yunifásítì Covenant ṣílẹ̀kùn ní Ìjù.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣírò wò ó. Hemoglóbíìnì àgbàlagbà ní ẹ̀wọ̀n mẹ́rin, α méjì àti β méjì. Ẹ̀wọ̀n α ní àmínò ásíìdì 141, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ dalton 15,126. Ẹ̀wọ̀n β ní 146, ó sì wọn dalton 15,867. Dalton kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìwọ̀n átọ́ọ̀mù háídírójìn kan. Ẹ̀rọ kò ní kọ 15,126 síwájú yín o. Ìwọ̀n tí wọ́n ti fi iye cháàjì pín ló máa ń kọ, cháàjì kọ̀ọ̀kan sì ń fi nǹkan bí dalton kan kún ìwọ̀n náà kí wọ́n tó pín in. Bí ẹ̀wọ̀n α bá gbé cháàjì 15, òkè kan yóò yọ lórí ìwé rẹ̀ ní 1,009.4, èyí tó gbé 16 yóò yọ ní 946.4. Ta ló wá sọ fún wa pé 15 ni àkọ́kọ́ gbé? Àwọn òkè méjèèjì fúnra wọn ni. Ẹ yọ 1 kúrò nínú 946.4, ó ku 945.4. Ẹ yọ 946.4 kúrò nínú 1,009.4, ó ku 63. Ẹ wá fi 63 pín 945.4, ẹ ó rí 15. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìṣírò yìí yé kò ní bẹ̀rù ìwé tí ẹ̀rọ yìí ń tẹ̀ jáde mọ́, bó ti wù kí òkè orí rẹ̀ pọ̀ tó.

Nínú hemoglóbíìnì S, àmínò ásíìdì kẹfà lórí ẹ̀wọ̀n β ló yí padà: glutamic acid kúrò níbẹ̀, valine gba ipò rẹ̀. Dalton 30 ni ìyàtọ̀ tí èyí mú wá, nítorí náà β ti S wọn 15,837. Nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ AS, òkè méjì ni yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn; ní cháàjì 15, ọ̀kan á wà ní 1,058.8, èkejì ní 1,056.8. Èyí dùn mọ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo hemoglóbíìnì C. Ipò kẹfà yẹn kan náà ni, lysine ló wá gbà á lọ́tẹ̀ yìí, ìyàtọ̀ ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ dalton kan péré. Bẹ́ẹ̀, òkè pùròtéènì kì í ṣe ṣóńṣó abẹ́rẹ́. Nínú ọgọ́rùn-ún átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù, nǹkan bí ọ̀kan ló máa ń wúwo ju àwọn yòókù lọ, kábọ́ọ̀nù sì pọ̀ lára ẹ̀wọ̀n β. Nítorí náà òkè kọ̀ọ̀kan máa ń fẹ̀ tó dalton mélòó kan. Dalton kan á rì sínú rẹ̀ pátápátá. Ẹ gbọ́ ohun tí èyí túmọ̀ sí: ẹni tó bá kàn wọn odindi ẹ̀wọ̀n β yóò pe AC ní AA, èyí tó burú jù sì ni pé yóò pe SC ní AS. Yóò sọ fún aláìsàn pé ara rẹ̀ le. Ilẹ̀ wa gan-an sì ni C ti gbilẹ̀, láti ìhà Yorùbá ní Nàìjíríà, gba Bénin àti Tógò kọjá, dé àríwá Gánà àti Burkina Faso. Àṣìṣe tó lè má ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan ní Japan lè ba ti ìdílé kan jẹ́ ní Ọ̀tà.

Kì í ṣe òṣùwọ̀n tó le ju èyí lọ ni wọ́n fi ń yanjú rẹ̀ jù, ọ̀bẹ ni. Trypsin jẹ́ ẹ́ńsáímù inú ìfun tó máa ń gé pùròtéènì lẹ́yìn lysine àti lẹ́yìn arginine, kì í sì í sábà gé e níbòmíràn. Bí a bá da trypsin sí ẹ̀wọ̀n β tó dára, ègé àkọ́kọ́ yóò ní àmínò ásíìdì mẹ́jọ, yóò sì yọ ní 952.5. Ti S náà ní mẹ́jọ, ṣùgbọ́n 922.5 ni yóò ti yọ. Ti C ńkọ́? Lysine tó dé ipò kẹfà ti fún ọ̀bẹ ní ibi tuntun tí yóò ti gé, nítorí náà ègé rẹ̀ ní mẹ́fà péré, ó sì yọ ní 694.4. Dalton kan tí ojú kò rí tẹ́lẹ̀ ti di àlàfo tó ju 250 lọ. Òṣùwọ̀n kò yí padà, ẹ̀jẹ̀ kò yí padà. Ohun tí a ṣe sí i ló yí padà. Gígé yìí kì í ṣe tuntun: Vernon Ingram fi trypsin gé hemoglóbíìnì S ní Cambridge, ní nǹkan bí 1956, nígbà tí kò tíì sí ẹni tó lè wọn pùròtéènì báyìí, ọ̀nà yẹn ló sì gbà mọ̀ pé àmínò ásíìdì kan ṣoṣo ló fa gbogbo wàhálà náà.

Ẹnì kan lè sọ pé, kí ni gbogbo làálàá yìí wà fún, nígbà tó jẹ́ pé electrophoresis tí wọ́n ń ṣe ní Sango ń fi C hàn kedere pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́? Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Electrophoresis ń fi cháàjì ya pùròtéènì sọ́tọ̀, ìyípadà C sì pọ̀ ní cháàjì bó tilẹ̀ kéré ní ìwọ̀n. Fún ẹni tó ń lọ ṣègbéyàwó, àyẹ̀wò yẹn tó. Ṣùgbọ́n ojú tó rí C náà ni kì í rí ìyàtọ̀ àárín S àti hemoglóbíìnì D, tàbí àárín S àti G-Philadelphia tó wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń rìn dé ojú kan náà lórí bébà electrophoresis tí wọ́n sábà ń lò. Lórí òṣùwọ̀n, S fi 30 dínkù, D fi 1 péré dínkù, G sì fi 14 pọ̀ sí i, lórí ẹ̀wọ̀n α pàápàá. Ẹlẹ́rìí méjì ni wọ́n, ojú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi wo ọ̀ràn kan. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ olówó ńlá tó wá ju àwo electrophoresis nù, kò gbọ́n.

Títí dé ibí yìí, irú pùròtéènì tó jẹ́ la fi ìwọ̀n mọ̀, a kò tíì sọ̀rọ̀ ìrísí. Àtakò tó le jù lọ sì nìyí: kóńgò gààrí kan àti àpò òwú kan lè wọn bákan náà, ta ló lè fi ìwọ̀n mọ èyí tó rí róbótó? Ìdáhùn wà ní Abẹ́òkúta, lọ́wọ́ àwọn aláàdìrẹ. Ìyá aláàdìrẹ á fi ìko di ibì kan lára aṣọ pinpin, yóò rì í sínú aró. Ibi tó ṣí sílẹ̀ á mu aró, ibi tí wọ́n dì kò ní mu ún. Bí ojú wa bá fọ́, tí a kò rí àwọ̀, ṣùgbọ́n tí a lè wọn ègé aṣọ kọ̀ọ̀kan ṣáájú àti lẹ́yìn aró, a ó mọ ibi tí wọ́n dì àti ibi tí wọ́n tú sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni à ń ṣe fún pùròtéènì, àfi pé omi wúwo ni aró wa, omi tó jẹ́ pé diutéríọ̀mù ló wà níbi tó yẹ kí háídírójìn wà. Háídírójìn tó wà lára egungun ẹ̀yìn pùròtéènì níbi tó ṣí sí omi á kúrò, diutéríọ̀mù á wọlé, ìwọ̀n á sì fi dalton kan lékún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó fara pamọ́ sínú, tàbí tí alábàárìn rẹ̀ bò mọ́lẹ̀, á pẹ́ kó tó yí. A ó wá ta ásíìdì sí i kó dúró, kó wà nínú yìnyín, a ó gé e wẹ́wẹ́, a ó wọn ègé kọ̀ọ̀kan. Àkókò ni gbogbo rẹ̀: bí a bá jáfara, aró á ṣí, diutéríọ̀mù á padà di háídírójìn, ẹ̀rí á nù. Kaj Linderstrøm-Lang ló dá ọgbọ́n ìpààrọ̀ yìí sílẹ̀ ní Copenhagen ní àwọn ọdún 1950, nínú yàrá ìwádìí tí ilé ọtí bíà Carlsberg dá sílẹ̀. Kí àwọn tó ni ilé iṣẹ́ ní Ọ̀tà gbọ́ ìyẹn náà.

Ọgbọ́n kejì ni okùn. Mólékù kékeré kan wà tó ní ìkọ́ lórí méjèèjì, a sì mọ bí gígùn rẹ̀ ṣe tó. Bí lysine méjì bá súnmọ́ ara wọn tó, okùn á dè wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn tí trypsin bá gé gbogbo rẹ̀ wẹ́wẹ́, ègé méjì tó ṣì so mọ́ra, tí ìwọ̀n wọn jẹ́ àpapọ̀ tàwọn méjèèjì àti ti okùn, ń jẹ́rìí pé aládùúgbò ni wọ́n nígbà tí pùròtéènì wà lódindi. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ alábàárìn ló kù, òun gan-an sì ni gbòǹgbò fòníkú-fọ̀ladìde. Valine tó dé ipò kẹfà dà bí epo, ó ń sá fún omi. Nígbà tí ọ́síjìn bá kúrò lára hemoglóbíìnì, kòtò kékeré kan máa ń ṣí lára ẹ̀wọ̀n β hemoglóbíìnì mìíràn, valine á forí pamọ́ síbẹ̀. Ìkejì á fa ìkẹta, títí wọn ó fi di okùn gbọọrọ tó na sẹ́ẹ̀lì pupa di dòjé. Hemoglóbíìnì S fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà pẹ̀lú ti A. Ẹgbẹ́ tó ń kó ló ba ọ̀ràn jẹ́. Báwo la ṣe ń wọn ẹgbẹ́? A kò ní da ásíìdì sí i, nítorí ásíìdì á tú ẹ̀wọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká. Omi ammonium acetate la ó fi fọ́n ọn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pùròtéènì á sì jáde tòun ti àwọn tó dì mọ́ ọn. Òkè hemoglóbíìnì á wá yọ ní 4,029 àti 3,792, fún cháàjì 16 àti 17. Ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí 64,450. Ẹ̀wọ̀n α méjì àti β méjì jẹ́ 61,986. Kí ló jẹ́ 2,464 tó kù? Híìmù mẹ́rin ni, mólékù tó di irin mú, 616 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìwọ̀n ti ka àwọn ará ilé fún wa láìṣìnà. Carol Robinson ló mú ọ̀nà yìí gbajúmọ̀ jù lọ. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní yàrá ìdánwò Pfizer ní Kent, ó ń kàwé nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n Kẹ́mísírì ní Cambridge, lẹ́yìn náà ní Oxford.

Àwọn kan á ní kò sí òfìfo nínú ara èèyàn. Kí la fẹ́ fi ẹ̀rí ohun tó gbẹ táútáú ṣe? Àtakò yìí ní orí àti ìdí. Ìdè tó dúró lórí cháàjì máa ń le sí i nínú òfìfo, ṣùgbọ́n èyí tó dúró lórí sísá fún omi, bíi ti valine yẹn, máa ń rọ, nítorí kò sí omi tí wọn yóò sá fún mọ́. Okùn gbọọrọ hemoglóbíìnì S kì í ṣe ohun tí ẹ̀rọ yìí wọ̀n rí fún wa. Àwòrán X-ray àti maikirosikóòpù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló fi hàn wá pé ó ní fọ́nrán 14. Síbẹ̀, pé 64,450 yọ láìlé láìdín fi hàn pé ìdè ilé kì í tètè tú nínú ìrìn àjò kúkúrú yẹn. Ní 2015, Helen Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Birmingham rí odindi hemoglóbíìnì tòun ti ẹ̀wọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti inú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ sórí bébà. Èyí ló yẹ kí ará Ìjù fetí sí jù.

Ìdí rẹ̀ ni pé bébà ṣeé fi ránṣẹ́. Ẹ̀rọ òṣùwọ̀n yìí fẹ́ iná tọ̀sán-tòru, nítorí ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró; ẹni tó mọ bí iná ṣe ń ṣe ní Sango mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tiwa kì í dúró de ẹ̀rọ. Ní 1971, Sofowora àti Isaacs ní Ifẹ̀ kọ̀wé pé omi gbòǹgbò orin àtá ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tó ti rọ di dòjé padà sí róbótó. Ilé ìwádìí NIPRD ní Abuja ṣe oògùn Niprisan láti inú àgbo ilẹ̀ Yorùbá: ìyèré, osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà. Ṣé ara hemoglóbíìnì gan-an ni nǹkan inú wọn ń lẹ̀ mọ́, àbí ara awọ sẹ́ẹ̀lì? Òṣùwọ̀n lè sọ ọ́. Bí oògùn voxelotor ṣe rí nìyẹn: mólékù rẹ̀ wọn 337, ó máa ń sọ omi 18 nù bó bá so mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wọ̀n α, nítorí náà 319 ló ń lé lórí hemoglóbíìnì, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n fọwọ́ sí oògùn yìí ní Amẹ́ríkà ní 2019, Pfizer sì kó o kúrò lórí àtẹ ní gbogbo ayé ní oṣù kẹsàn-án 2024, nítorí ewu rẹ̀ ti ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Òṣùwọ̀n sọ ibi tó lẹ̀ mọ́ fún wa. Kò sọ bí yóò ṣe rí lára ọmọ ẹlòmíràn, kò sì ṣèlérí rẹ̀.

Àwọn kan tún ń sọ pé AlphaFold, ètò kọ̀ǹpútà tó jẹ́ kí Demis Hassabis àti John Jumper gba Nobel 2024, ti sọ gbogbo èyí di iṣẹ́ àná, pé kọ̀ǹpútà á ya ìrísí pùròtéènì kí a tó rí abẹ́rẹ́ fi fọ́n ọn. Ẹ fún un ní ẹ̀wọ̀n β ti A àti ti S, ẹ ó rí i pé àwòrán méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan. Ó dára fún ìrísí. Kò sọ ẹni tó wà níbẹ̀ lónìí, iye wọn, tàbí ẹni tó dì mọ́ wọn nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan pàtó. Kọ̀ǹpútà wúlò lọ́nà mìíràn fún wa: àwọn olùwádìí káàkiri ayé ń kó èsì òṣùwọ̀n wọn sínú ibi ìpamọ́ PRIDE nítòsí Cambridge, ọ̀fẹ́ ni láti wọlé, Ìjù sì ní CUBRe, ẹ̀ka ìwádìí Covenant tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ báyọ́lọ́jì. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dé. Ẹni tó bá sì ń gba ẹ̀jẹ̀ sórí bébà, ẹ jọ̀wọ́, kó kọ aago tó gbà á, bó ṣe pẹ́ tó kó tó gbẹ, àti bí ilé ṣe gbóná tó, nítorí kò sí òṣùwọ̀n kankan ní Birmingham tàbí Oxford tó lè bá a kọ ọ́.